Ọkọ́ Ìyá Mi àti Ilà Mẹ́ta

Ní ìjẹta, Músílíù, ọmọ ọmọ mi, ra ọkọ́ tuntun bọ̀ láti ọjà Ìlobù. Ó jù ú sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó dún pọ̀. Mo fi ẹ̀pà tí mò ń bó sílẹ̀. Ojúlówó ọkọ́ kì í dún bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ́ Ìfọ́n ni, Màmá. Ẹ wo àmì ẹ̀ lọ́rùn."

Àmì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ilà mẹ́ta tó gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Gígún yẹn gan-an ló kọ mí lóminú. Ta ló ń fi ọwọ́ lu irin gbígbóná tí ilà rẹ̀ kò ní wọ́ díẹ̀?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, bàbá mi kì í jẹ́ kí ọkọ́ mìíràn wọ oko wa àfi ti Bàbá Àgbẹ̀dẹ ní Ìfọ́n, tó ń fa ilà mẹ́ta sọ́rùn gbogbo ohun tó bá rọ. Bàbá mi a fọwọ́ pa ilà náà, a ní "Alihamudulilahi," ó parí. Ó ń fura sí gbogbo aráyé, ṣùgbọ́n kò fura sí ilà mẹ́ta rí.

Lọ́dún kan, ọkọ́ òkè òkun dé Òṣogbo, aláwọ̀ ewé, owó pọ́ọ́kú. Ìyá mi yọ́ ọ̀kan rà fún oko ẹ̀pà rẹ̀. Ó ti bẹ bàbá mi títí kó tó yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, bàbá mi sì kìlọ̀ pé bí àkọ́rọ̀ òjò bá kọjá láìgbìn ín, òun á gbà á padà. Kò tíì kọ ilẹ̀ náà dé ìdajì tí ẹnu ọkọ́ fi ká kò bí etí ajá. Ìyá mi jókòó sáàárín oko, ó sunkún. Àánú rẹ̀ ṣì ń ṣe mí títí dòní.

Ó fi aṣọ di ọkọ́ náà, àwa méjèèjì fẹsẹ̀ rìn dé Ìfọ́n, a kúnlẹ̀ lẹ́nu ilé arọ.

"Àrọyè o, Bàbá!"

"Ògún á gbè yín." Bàbá Àgbẹ̀dẹ tú aṣọ náà, ó wo ìyá mi. "Ṣé baálé rẹ mọ̀?"

Ìyá mi mirí. Bàbá Àgbẹ̀dẹ kọjú sí iná. Ó ti ọkọ́ náà bọ iná, ó fi àjákù sípíríǹgì mọ́tò lé e lẹ́nu, ó lù ú títí di ìrọ̀lẹ́, ó wá fa ilà mẹ́ta sí i. Ọ̀kan wọ́. Ó fi òkúta kàn án, ó dún gan-an-an.

Ó yíjú sí mi. "Ìyá kékeré, etí ni kí o máa fi ra ọkọ́. Ojú máa ń gba rìbá."

Nígbà tí a délé, bàbá mi fọwọ́ pa ilà náà. "Ṣé àwọn ará òkè òkun lè rọ irú èyí?"

"Wọn ò lè rọ ọ́," ni ìyá mi wí. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ̀pà náà so, ilẹ̀ náà sì di tirẹ̀ títí ó fi kú.

Ilẹ̀ yẹn náà ni Músílíù fẹ́ fi ọkọ́ onílà rúlà yìí kọ. Láyé ìgbà yẹn, ọkọ́ gbàrọgùdù kì í fi ara rẹ̀ pamọ́, àwọ̀ ewé rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti wá. Nísinsin yìí, àwọn tó ń rọ ọ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ilà wa.

Lọ́la, èmi àti Músílíù ń lọ sí Ìfọ́n. Wọ́n ní ọmọ ọmọ Bàbá Àgbẹ̀dẹ ṣì ń rọ ọkọ́ níbẹ̀. Mo gbọ́, n ò tíì gbà. Ìfura loògùn àgbà. Mo ti so òkúta kan mọ́ etí ìró mi.