Garawa Tó Sọnù ní Ìdí Ẹ̀rọ

Ọwọ́ mi yìí ló mú un! Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ wò ó. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ga tó ẹ̀rọ omi Òkè-Ìlá wa yìí, garawa ló ń bá wa dúró lórí ìlà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó tò wọ́n sílẹ̀, a ó lọ jẹun, a ó sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ṣì wà bí a ṣe tò wọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo débẹ̀ tí mi ò bá garawa yèyé mi. Tuntun ni o! Láti inú ni bàbá mi ti fi ìṣó lu ìdí rẹ̀, kókó méje yọ síta, ká lè máa dá a mọ̀. Mo sunkún títí. Obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ló ní, "Ẹ bi í dáadáa. Ó ti tà á, ó fi ra gúgúrú." Wọ́n sì gbà á gbọ́! Yèyé mi nà mí. Látìgbà yẹn, "Ẹlẹ́gúgúrú" làwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí, títí mo fi dé fọ́ọ̀mù fáìfù. Obìnrin yìí kan náà ló sì ń pariwo jù pé olè ti pọ̀, ká wá ọdẹ.

Mi ò kì í sún mọ́ ọn. Àmọ́ lánàá, àwa méjèèjì nìkan la wà ní ìdí ẹ̀rọ. Ó pọn omi kún garawa búlúù kan, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wá gbé e rù mí." Ẹ mọ̀ pé a kì í kọ ìyẹn fún ara wa. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ ìdí rẹ̀. Kókó kan. Méjì. Mo rọra ń fọwọ́ kà á. Méje! Ara rẹ̀ ló kùn lọ́dà, kò rántí ìdí.

Mo da omi náà nù! Gbogbo rẹ̀! Mo dojú garawa délẹ̀, mo figbe ta: "Yèyé mi o! Ẹ wá wo gúgúrú tí mo rà!"

Àwọn èèyàn ya dé. Obìnrin náà ń kálòlò pé òun rà á ni.

"Lọ́wọ́ ta?" Yèyé mi ló bi í bẹ́ẹ̀, ó ń fọwọ́ pa kókó méjèèje.

Ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn, "Ká wá ọdẹ, àbí?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Yèyé mi dì mọ́ mi lójú gbogbo wọn, ó ní kí n má bínú. Àtikékeré ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn!

Ẹ̀yin ò bá ayé yẹn. Ṣéènì lẹ fi ń de garawa mọ́gi báyìí, ẹ ò mọ̀ pé ó ti dá sùn síta rí. Irú obìnrin yìí ló bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, mi ò sì ní káàánú rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ó gbé bẹ́sìnnì wá sí ìdí ẹ̀rọ. Ó pọn ún kún, ó wọ̀tún, ó wòsì. Kò sẹ́ni tó mira. Ló bá kọjú sí mi: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbé e rù mí."

Mo gbé garawa yèyé mi rù. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Mo bá ń lọ sílé, omi ń ta sí mi lójú, mo ń rẹ́rìn-ín.