Ọjọ́ Tí Wọ́n Díye Lé Ilé Etí Ọ̀sà

Mo rántí ìgbà tí bàbá mọlémọlé ń fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri amọ̀. Á kan án, á gbé etí lé e, á tún sún síwájú díẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń mi orí bí ẹni pé èmi náà gbọ́ ohun tó ń gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé bí mi ò bá rí ilé rà kí òjò tó dé, ayé mi ti bàjẹ́.

Ọdún kejì ni tí ìbọn ọkọ̀ ogun àwọn Òyìnbó lé wa kúrò ní Èkó. Èmi àti ìyá mi gba èbúté Ipakodo wọ Ìkòròdú, a sì gbé níbẹ̀ díẹ̀ kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn ènìyàn wa ní Ẹ̀pẹ́. Abẹ́ àtíbàbà àwọn apẹja la ń sùn. Ìyá mi ti di arúgbó, ikọ́ kò sì jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ kan, obìnrin ará Èkó kan kú láàárín wa. Kò ní ilé, kò sì ní ìbátan tó ní ilé, wọ́n bá lọ sin ín sínú igbó lẹ́yìn ìlú. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, inú ilé ẹni ni wọ́n ń sin ẹni sí, kí àwọn ọmọ lè máa wà nítòsí. Nígbà tí ìyá mi ti ibi ìsìnkú náà dé, ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà kò sì bi í. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ilé bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀.

Ilé méjì ló wà fún títà. Ọ̀kan wà lórí òkè lẹ́yìn ọjà, ti opó kan tó fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Imota. Ògiri rẹ̀ ti là níbi mẹ́ta, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Èkejì wà létí ọ̀sà, ògiri rẹ̀ gún régé, wọ́n ti rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Kí n má purọ́, ilé etí ọ̀sà ni ojú mi wà. Ọmọ Èkó ni mí, mo fẹ́ kí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ rí i pé àwa kì í gbé ilé tó là. Orí ẹní kan péré ni èmi àti ìyá mi ń sùn nígbà náà o, ìgbéraga sì kún inú mi bámúbámú.

Onílé máa ń díye lé ilé rẹ̀ bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Nítorí náà, wọ́n gbà mí nímọ̀ràn kí n wá ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni tan ní Ẹ̀pẹ́, ni mo bá ránṣẹ́ sí bàbá mọlémọlé kan tí mo mọ̀ ní Ìkòròdú. Odidi ọjọ́ kan ló fi yẹ ilé méjèèjì wò. Ó ka ìpele amọ̀ tí wọ́n fi mọ ògiri, ó fi àdá ha ìdí ògiri wò bóyá ikán wà, ó gun àjà lọ mi igi òrùlé. Ohun tó bá rí tí kò dára, á yọ ọ́ kúrò nínú iye tí onílé pè. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé iye tí ènìyàn fẹ́ gbà lórí ilé àti iye tí ilé tó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nígbà tó ṣe tán, ó jókòó, ó wo èmi àti ìyá mi.

"Kí lẹ fẹ́ fi ilé ṣe?"

Ìyá mi wo ilẹ̀. Èmi wo ìyá mi. Báwo ni ọmọ ṣe máa la ẹnu sọ fún àjèjì, níwájú ìyá rẹ̀ tó wà láàyè, pé ibi tí òun máa sin ín sí lòun ń wá?

"A fẹ́ máa gbé inú rẹ̀ ni, Bàbá."

"Bó bá jẹ́ fún gbígbé, ẹ fi ti òkè sílẹ̀. Ti etí ọ̀sà ló dára."

Ìyá mi rọra ní, "Ti òkè yẹn wù mí." Mo ní kó má ṣèyọnu, pé ògiri rẹ̀ máa wó lù wá. Mo ta iyùn mi àti gbogbo aṣọ tí mo gbé sá kúrò l'Ékòó, mo sì ra ilé etí ọ̀sà.

Òjò dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi kú. Ààfáà ní a gbọ́dọ̀ sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Kò tíì jìn dé orúnkún tí omi fi yọ. Wọ́n gbọ́n ọn, ó tún kún. Wọ́n gbẹ́ yàrá mi, omi ni. Wọ́n gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi ni. Ẹnì kan wá sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àfi inú igbó.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun òkè. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú opó náà, mo ní, "Ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi níbi tí mo máa sin ìyá mi sí." Mo mọ ohun tí mo ń tọrọ. Ta ló máa ra ilé tí òkú ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀?

Ó fà mí dìde. "Ṣé wọn ò sọ fún ọ ni? Ìyá rẹ wá síbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó ra ti ìsàlẹ̀. Wọ́n jókòó sí yàrá inú, wọ́n bi mí bóyá omi máa ń yọ bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Mo rò pé ẹ ti jọ sọ ọ́."

Mo bú sẹ́kún. Ó ní ká gbé e wá. A sin ín sínú yàrá inú yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, ó sì gbẹ. Opó náà kò rí ilé rẹ̀ tà mọ́, kò sì padà sí Imota.

Ó ti pẹ́ báyìí. Ilé etí ọ̀sà ṣì dúró, inú rẹ̀ ni mo ń gbé. Bàbá mọlémọlé kò ṣe àṣìṣe kankan, ìdáhùn tí mo fún un ló tẹ̀ lé. Bí mo bá fẹ́ kí ìyá mi, mo ní láti gun òkè, kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ọmọ tí opó náà fi ilé sílẹ̀ fún, títí wọ́n á fi ní kí n wọlé. Ó ń dùn mí títí dòní. Ohun kan náà lèmi àti ìyá mi ń wá, abẹ́ àtíbàbà kan náà la sì ń sùn.

Èmi náà ti darúgbó. Nígbà tí a bá ń jẹun, mo máa ń sọ ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n sin mí sí fún àwọn ọmọ mi. Wọ́n á bínú, wọ́n á ní kí n yéé sọ̀rọ̀ burúkú. Màá jẹ́ kí wọ́n bínú tán, màá sì tún un sọ.