Lọ́rì Tí Mo Fi Wàláà Kàn

Ọmọ ọmọ mi gbé páálí kan dé láti Yaba, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ oníná gé, tí a ó tò di lọ́rì tó ń sáré. Bó ṣe tú u, òórùn pákó tó jóná gba imú mi, inú sì bí mi.

Èmi náà kan lọ́rì rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Pápá Àjàó. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyáálé, tẹ àkọ́kọ́ fọ́, ó ní ẹsẹ̀ òun ò ríran. Mo bá jí wàláà rẹ̀, pátákó tó fi ń kọ́ kéú, mo fi ayùn gé e. Ìṣó gbígbóná ni mo fi lu ihò táyà, rọ́bà túúbù ni ẹ́ńjìnnì. Mo fi ọ̀dà kun òkè, mo fi abẹ́ sílẹ̀ láìkùn. Ó sáré débi pé àgbò yà fún un. Àgbò náà ì bá jẹ́rìí mi, ṣùgbọ́n a ti jẹ ẹ́ níléyá.

Lọ́sàn-án yẹn, Àáfà na ẹ̀gbọ́n mi nítorí wàláà tó sọnù. Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó dojú lọ́rì mi dé, ó wo abẹ́ ẹ̀ títí.

"Ta ló bá ẹ kàn án?"

"Ọwọ́ mi. Gbé e sílẹ̀." Mi ò fi "ẹ" sí i, ìyẹn nìkan tó ìgbátí.

"Ó dáa," ló wí, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

N ò tíì mọ kéú kà nígbà yẹn. Ìkọ̀wé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń wò lábẹ́ lọ́rì.

Mo ń retí kí bàbá wa pè mí. Wọn ò pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹjọ́ mi sùn, mo sì kórìíra ẹ̀ fún ìyẹn ju fún lọ́rì àkọ́kọ́ lọ.