Òrùlé Tí Kò Gbọdọ̀ Bo Òkun

Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélọ́gọ́fà ni ẹ ó gùn láti ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí kí ẹ tó kan ilé Pil-rye lórí òkè Busan. Tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ ò mí hẹlẹ, á jẹ́ pé ẹnì kan ló pọ̀n yín. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé náà nígbà tí ogun Kòríà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí àwọn tí ogun lé wá ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè kí wọ́n lè ríbi forí pamọ́ sí. Pákó àti páànù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ṣe, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé: òrùlé rẹ kò gbọdọ̀ ga ju àgbàlá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ lọ, kí oòrùn àti òkun lè kárí gbogbo wọn.

Ẹni tó wà lẹ́yìn Pil-rye ni Ìyá Bong-nim, arúgbó ẹni ọdún méjìdínláàdọ́rùn-ún, tí kì í fi òfin yìí ṣeré rárá. Láti àárọ̀ ló máa ń jókòó sórí pèpéle onípákó rẹ̀, tí yóò máa ka ọkọ̀ ojú omi. Láti ọdún tí wọ́n ti gbé Pil-rye níyàwó wọ òkè náà ló ti ń gbọ́ ọ: "Ìyàwó! Aṣọ rẹ ti bo òkun mi!" Pil-rye á sáré lọ fa okùn aṣọ wálẹ̀.

Lọ́dún yìí ni Gyu-tae, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní òun ń kó ìyàwó àti àwọn ìbejì òun bọ̀ láti Seoul. Ṣùgbọ́n ó ní, "Mọ́mì, tí kò bá sáyè, a ó gba ilé sí òdìkejì ìlú." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Pil-rye wọnú egungun. Ọgbọ̀n ọdún ló fi rán bàtà ọmọ ọlọ́mọ nílé iṣẹ́; ó fẹ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ọmọ tirẹ̀ nínú ilé.

Ó pe Ọ̀gá Tak, káfíńtà. Ọkùnrin náà rìn yí ilé ká, ó mi orí.

"Màmá, òkè ló kù. Ẹ jẹ́ ká gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e."

"Ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Ìsàlẹ̀ kẹ̀? Àpáta ni! Ṣé ẹ fẹ́ kí apá mi já ni?"

Pil-rye gbà. Ó ń tan ara rẹ̀ jẹ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni, òkun Busan sì tóbi. Àmọ́ ojú ń tì í, ló bá gbé abọ́ kimchi kan, ẹ̀fọ́ kíkan oníata, ó gòkè lọ tọrọ gáfárà. Ìyá Bong-nim ti lọ sílé ìwẹ̀ àdúgbò. Pil-rye jókòó dè é lórí pèpéle, ibi tí kò jókòó sí rí láyé rẹ̀. Nísàlẹ̀, Ọ̀gá Tak fi òpó méjì na tapólì kan sókè, kí ó lè rí ibi tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà máa ga dé.

Pil-rye wò ó. Kò rí ọkọ̀ kankan, kò rí omi. Tapólì ló rí.

"Ọ̀gá Tak! Ẹ sọ nǹkan yẹn kalẹ̀!"

"Kí ló tún dé?"

"Mo ní ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Ẹ ti bo òkun wọn!"

Ìgbà tó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀ ló bú sẹ́kún, nítorí ó mọ̀ pé àwọn ìbejì ti lọ sí òdìkejì ìlú nìyẹn. Ibẹ̀ ni Ìyá Bong-nim bá a, tòun ti táwẹ́ẹ̀lì lórí.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Mà. Ilé ni." Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. "Àpáta wo? Ọkọ mi àti bàbá ọkọ rẹ ló fi agbọ̀n ru iyẹ̀pẹ̀ dí abẹ́ ilé ìdáná yín kí ilẹ̀ lè tẹ́jú. Èmi ni mò ń se oúnjẹ fún wọn. Wọ́n jẹ mí run! Sọ fún káfíńtà aláròyé yẹn kó gbẹ́ ibẹ̀."

"Ta ni káfíńtà nínú àwa méjèèjì?" Ọ̀gá Tak ń kùn, ṣùgbọ́n ó gbé dígà. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó fi gbẹ́lẹ̀, ó wọlẹ̀ wẹ́rẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ ni lóòótọ́. Ó fi òpó irin gbé ilé ró, ó sì ń gbẹ́ ẹ lọ. Lọ́jọ́ kẹrin ni ṣíbí idẹ kan jáde.

"Ṣíbí mi!" ni Ìyá Bong-nim figbe ta. "Láti ọdún tí wọ́n kọ́lé yìí ni mo ti ń fura sí ìyá ọkọ rẹ! Ọlọ́run, ẹ dárí jì mí o!" Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín kú.

Nígbà tí ewé igi fi máa pọ́n lórí òkè, yàrá méjì ti wà nísàlẹ̀ ilé, fèrèsé wọn kọjú sómi. Ọ̀gá Tak ká páànù ṣóńṣó àtijọ́ kúrò, ó da kọnkéré pẹrẹsẹ ṣe òrùlé tó bá àgbàlá Ìyá Bong-nim dọ́gba, ó fi irin yí i ká. Èèyàn lè tibí kọjá sọ́hùn-ún bí ẹni ń rìn ní pálọ̀.

Ọjọ́ tí àwọn ìbejì dé, Ha-yeon, ọ̀kan nínú wọn, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, sá gorí òrùlé tòun ti fìlà gbàgàdà kan, ó lọ dúró gangan síwájú pèpéle. Pil-rye sáré tẹ̀ lé e.

"Ha-yeon! Kúrò níbẹ̀ kíá! O ti bo òkun wọn!"

Ìyá Bong-nim na ọwọ́ sí Pil-rye láti dá a dúró.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Ìyẹn lè bo òkun mi."