Àbúrò mi ló jẹ́rìí sí orúkọ mi

Mo jowú àbúrò mi lónìí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó máa dìbò yan aṣojú àdúgbò ní Bẹẹrẹ. Àárọ̀ kùtù ni èmi Músá ahunṣọ ti tò síbẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, akọ̀wé ṣíwèé wò.

"Músá ti wá lánàá. Ṣé o fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni? Màgòmágó!"

"Músá mélòó ló wà n'Íbàdàn? Mi ò débí lánàá!"

Ó ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ni Jósẹ́fù àbúrò mi bá dé, ó wọ kóòtù. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n! Ọdún tí wọ́n mú un lọ sílé ìwé ni wọ́n fi mí sídìí òfì.

Akọ̀wé dìde. "Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Wọn ò tíì kọ orúkọ wọn rí."

Kíá ni wọ́n kọ mí. Mo ní "O ṣeun," mi ò sì wojú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò tó mọ̀wé, ṣé bó ṣe ń dùn yín nìyí, àbí ìkà ni mí?