Ẹ Wá Gbé Páálí Ọṣẹ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kú. Ikọ́ ló pa á, dókítà sì ní kẹ́míkà lẹ́búlẹ́bú ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà iléeṣẹ́ kẹ́míkà rí láyé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ló ń po oògùn apakòkòrò. Iṣẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi ni kí ó máa fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Mi ò ní parọ́ mọ́ iléeṣẹ́ náà. Owó oṣù wọn kì í pẹ́. Wọ́n kọ́lé fún òṣìṣẹ́, iṣẹ́ náà ló rán àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níwèé. Bí mo bá ń bú wọn, òun gan-an ló máa ń pa mí lẹ́nu mọ́: "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ṣé gègé ìkọ̀wé tìẹ ló ń bọ́ wa ni?"

Ó dáa, a jẹun. Kí la fi san án?

Nígbà kan rí, ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nínú ọgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbé aṣọ iṣẹ́ lọ sílé. Ọ̀gá tuntun dé, ó ní ìnáwó ti pọ̀ jù. Ó ti yàrá ìfọṣọ pa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín páálí ọṣẹ fún òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ lọ wo yàrá náà lónìí: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ àwọn ọ̀gá láràárọ̀. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá!

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ọṣẹ ṣòfò. Kó tó rẹ aṣọ náà sómi, á kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n pàà-pàà-pàà kí lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ lè dànù. Á wá kígbe sí àwọn ọmọ: "Ẹ wọlé o, mo fẹ́ gbọn bàbá yín dànù!" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á máa rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á funfun báláú. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí báyìí.

Níbi iṣẹ́, àna mi ò gbọdọ̀ sún mọ́ kẹ́míkà kan náà láìfi ìbòmú bo imú. Ta ló fún ìyàwó rẹ̀ ní ìbòmú? Ta ló tiẹ̀ kìlọ̀ fún un? Ọkùnrin náà jókòó sínú yàrá báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Èmi ni mo gbé e wọlé fún un." Rárá, àna mi. Kì í ṣe ẹ̀yin.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wá bá wa kẹ́dùn. Mo bi í ní ohun tí iléeṣẹ́ máa ṣe. Ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. "Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n màmá ò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa." Ó wá ní kí awakọ̀ rẹ̀ gbé ẹ̀bùn wọlé. Páálí ọṣẹ ni.

Kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín? Aṣọ ta ló ń fọ̀? Àmì iléeṣẹ́ wo ló wà láyà aṣọ náà?

Lánàá, mo bá ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó ti di aṣọ bàbá rẹ̀ mú léjìká, ó fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Mo já a gbà, mo dì í sínú ọ̀rá. Ẹ ṣí yàrá ìfọṣọ yẹn padà. Ẹ pe gbogbo ìyàwó tó ń fọ aṣọ yín, kí dókítà yẹ àyà wọn wò. Ẹ ka ẹ̀gbọ́n mi mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Ọṣẹ yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a ò tú u. Kí ọ̀gá tó ti yàrá náà pa wá gbé e fúnra rẹ̀. Aṣọ kan wà níbí tí òun náà máa kọ́kọ́ gbọ̀n.