Àtẹ́wọ́ Àǹtí

Bí mo bá ti gbọ́ àtẹ́wọ́ ẹyọ kan péré, àǹtí tó kọ́ mi ní iṣẹ́ fíìmù ní Ìkọ̀tún ni mo máa ń rántí. Kí wọ́n tó dáni lóhùn, pà! Kí wọ́n tó jẹun, pà! Wọ́n ní ibi àtẹ́wọ́ ni ojú àti etí ti ń pàdé, bí àwòrán àti ohùn ṣe ń bára mu nínú fíìmù.

Lọ́jọ́ kan, òṣèré kan ṣoṣo ló ṣe ìbejì nínú fíìmù tó wà lọ́wọ́ wa. Kẹ́hìndé fẹ́ gbá Táyé létí, àmọ́ Táyé ti yíjú kí ọwọ́ tó dé! Ìyá tó ni fíìmù jókòó tì wá, wọ́n ní bí a ò bá tún un ṣe, àwọn máa gbé iṣẹ́ àwọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Nínú kọ̀ǹpútà, àpótí kéékèèké la máa ń fi okùn so pọ̀ kí àwòrán gba inú wọn kọjá. Mo fi àpótí tó ń dá àwòrán dúró díẹ̀ síbi tí okùn Táyé àti ti Kẹ́hìndé ti pàdé, ni àwọn méjèèjì bá jọ pẹ́.

"Àǹtí, kọ̀ǹpútà yìí ti ya wèrè jàre."

"Ìwọ ló ń ya wèrè! Ṣebí Táyé ló máa ń sáré jáde? Dá òun nìkan dúró."

Mo gbé àpótí náà sórí okùn Táyé. Gbàà! Ọwọ́ Kẹ́hìndé ba Táyé létí. Ìyá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn mú: "Yéè! Ó dùn mí o!"

Mo fò sókè. "Èmi ni mo ṣe é!" Mi ò tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Àǹtí pàtẹ́wọ́, pà! Mo rò pé èmi ni wọ́n ń yìn. Àṣé ẹ̀wà wọn tó ti tutù ni wọ́n fẹ́ jẹ.